Jagunjagun Jàpáànù Tó Kọlà Àbàjà

"Ṣé ó ti kú ni, àbí kò tíì kú?"

Mashood ló béèrè, ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ kíláàsì SS2 ló na ọrùn láti gbọ́ èsì. Àkókò oúnjẹ ọ̀sán ni, kò sì sẹ́ni tó rántí oúnjẹ. Ìwé ìkọ̀wé kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya wà lórí tábìlì, orí bíi mẹ́jọ ti bò ó.

"Ó ti kú," Dámisí, ọmọbìnrin tó ya àwòrán inú ìwé náà, dáhùn. "Ojú ogun ló kú sí. Ọba rẹ̀ ló ní kí àwọn olóògùn jí òkú rẹ̀ dìde, kí ó lè máa jà fún òun lọ. Ara rẹ̀ dìde, ọkàn rẹ̀ kò bá a dìde. Kò mọ ìrora, kò mọ àánú, kì í rẹ́rìn-ín, kì í sunkún."

"Bí wọ́n bá ta á lọ́fà ńkọ́?"

"Yóò fà á yọ bí ẹni ń yọ èèmọ́ lára ṣòkòtò ni."

Ni kíláàsì bá hó yèè.

Tóràmásù ni orúkọ jagunjagun náà. Ilẹ̀ Jàpáànù ló ti ń jagun, bẹ́ẹ̀ ọmọ tó ń yà á kò tíì dé Ìbàdàn ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Inú fíìmù kàtúùnù tó ń wò lórí fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ti rí idà gígùn àti aṣọ ogun, ó sì fi ọgbọ́n orí ara rẹ̀ dí ìyókù. Kí n má parọ́, ọmọ náà mọ àwòrán yà. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ló máa ń mú ojú ìwé tuntun wá, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a sì tò sẹ́yìn ara wọn láti kà á. Àwọn tí kì í kí i tẹ́lẹ̀ ti ń pè é ní Ọ̀gá Ayàwòrán. Ẹ̀yin náà mọ bí irú oyè bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń dùn létí.

Ọ̀gbẹ́ni Olúwaṣògo, olùkọ́ tó ń kọ́ wọn ní iṣẹ́ ọnà, ló bá ìwé náà lórí tábìlì lọ́jọ́ náà. Ó ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Dámisí, ọwọ́ rẹ dára. Àmọ́ ta ni ọkùnrin yìí kí ó tó kú?"

"Jagunjagun ni, sà."

"Ìyẹn hàn sí mi. Irú ilé wo ni wọ́n ti bí i? Kí ló ṣe tí ojú rẹ̀ fi le báyìí? Bí o bá lè sọ ìyẹn fún wa, iṣẹ́ rẹ ni màá gbé kọ́ sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn lọ́jọ́ tí àwọn òbí bá wá."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù. Dámisí gbìyànjú títí. Ó sọ Tóràmásù di ọmọ àgbẹ̀, kò dùn. Ó sọ ọ́ di olè, ó tún burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Gbogbo rẹ̀ tẹ́ bí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀. Nígbà tí ìsinmi àárín sáà dé, tí Ọmọ́wùnmí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kí ó jẹ́ kí àwọn jọ lọ kí bàbá àgbà òun ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìwé náà ló kọ́kọ́ kì sínú àpò.

Láti JSS1 ni àwọn méjèèjì ti jọ ń jókòó lórí àga kan ṣoṣo. Bí ẹ bá rí ọ̀kan ní Ọ̀yọ́, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ ó rí ìkejì.

Bàbá Akínpẹ̀lú, bàbá tó bí ìyá Ọmọ́wùnmí, jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé rẹ̀ nígbà tí wọ́n dé. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ẹ̀yìn rẹ̀ sì tọ́ sórí àga. Àwọn ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán, Bàbá."

"Ẹ káàbọ̀. Ṣé dáadáa lẹ bá ọ̀nà?"

Ọ̀rọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n ojú tó sọ ọ́ kò yí padà. Dámisí ronú pé bóyá inú ń bí i ni. Kò pẹ́, òbúkọ aládùúgbò kan wọlé, ó gbé fìlà àlejò kan sẹ́nu, ó sá lọ. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, Bàbá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ọmọ kékeré kan já bọ́ lórí igi máńgòrò, ẹnu rẹ̀ bẹ́. Bàbá gbé e lé itan, ó fi omi tútù nù ún lẹ́nu díẹ̀díẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi dá, ojú rẹ̀ sì wà bó ṣe wà. Ojú ni Dámisí ń wò ní gbogbo ìgbà yẹn, kò wo ọwọ́.

Ilà ojú Bàbá tún gbà á láfiyèsí. Kò sí ẹnì kankan nínú àwọn ẹgbẹ́ Dámisí tó kọlà, lójú tirẹ̀ ọgbẹ́ àtijọ́ lásán ni. Àbàjà mẹ́ta ló wà lẹ́rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, mẹ́ta lẹ́rẹ̀kẹ́ òsì, ṣùgbọ́n èyí tó kẹ́yìn lápá òsì yà kúrò lọ́nà, ó gba ìsàlẹ̀ lọ sí àgbọ̀n. Wọ́n ní Bàbá ló ju orí nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, tí abẹ olóòlà fi yẹ̀. Dámisí yà á sẹ́yìn ìwé rẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò wò ó.

"Kí ló dé tí Bàbá kì í rẹ́rìn-ín?" ó bi Ọmọ́wùnmí nígbà tí àwọn méjèèjì ń fọ abọ́ ní ẹ̀yìnkùlé.

Ọmọ́wùnmí wo ẹ̀yìn kí ó tó fèsì. "Màá sọ fún ẹ, ṣùgbọ́n o ò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá mi nìkan ni Bàbá sọ ọ́ fún, òun ló sọ ọ́ fún mi."

"Ọlọ́run gbọ́, mi ò ní sọ ọ́."

Ọmọ́wùnmí bá sọ ọ́. Ilé àwọn ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí-Ilé ni wọ́n ti bí Bàbá, ilé àwọn tó máa ń tẹ̀ lé ọba lọ sógun láyé àtijọ́. Nítorí orúkọ ilé náà, nítorí ìwà Bàbá pẹ̀lú, ni wọ́n ṣe fi í ṣe adájọ́ kóòtù ìbílẹ̀. Ọjọ́ kan ni ẹjọ́ oko kaṣú kan dé iwájú rẹ̀, opó kan àti olówó kan ló ń bára wọn ṣe é. Opó ló ni oko. Olówó náà gbé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun fún adájọ́, adájọ́ sì gbé oko fún olówó. Obìnrin náà kò bú ẹnikẹ́ni. Ó tú gèlè orí rẹ̀ níwájú kóòtù, ó wo Bàbá, ó mú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì jáde. Ọdún náà kò parí tó fi kú.

"Bàbá fi iṣẹ́ sílẹ̀. Màmá mi ní láti ọjọ́ náà làwọn kò ti rí ẹ̀rín rẹ̀. Kódà nígbà tí ìyá àgbà kú, kò sunkún."

"Ó mà ṣe o," ni Dámisí wí. Ó ṣe é láàánú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bó ti ń káàánú ni nǹkan kan ń fò sókè nínú rẹ̀: ó ti rí àná Tóràmásù.

Nígbà tó padà dé Ọ̀yọ́, ọjọ́ mẹ́rin ló fi bá ara rẹ̀ jiyàn. Mo ti búra, ó ń wí. Jàpáànù ni mo máa gbé e lọ, ó tún ń wí, ta ni yóò mọ̀ ọ́n? Ó rántí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, ó rántí Ọ̀gá Ayàwòrán. Ó mú pẹ́ńsù. Oko kaṣú di oko ìrẹsì, ọkọ̀ di ẹṣin funfun, opó tú irun dípò gèlè, ọmọ kékeré kan sì di aṣọ rẹ̀ mú. Tóràmásù, ọmọ ilé ńlá, jókòó sórí àga ìdájọ́, kò wo ojú rẹ̀. Kí ojú jagunjagun náà lè le dáadáa, Dámisí ya ọgbẹ́ idà sí i: mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì, èyí tó kẹ́yìn yà lọ sí àgbọ̀n. Nígbà tí Ọmọ́wùnmí ní kí ó jẹ́ kí òun rí i, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó di ọjọ́ náà." Ọkàn rẹ̀ mọ̀ pé ohun tóun ń ṣe kò dára.

Ọjọ́ náà pé. Àwòrán ńlá náà wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, èèyàn sì kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Lára àwọn òbí tó wá ni Àtinúkẹ́, obìnrin tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ ní Ọjà Akẹ̀sán, ìyá Emmanuel tó wà ní JSS2. Ó fẹ́ kọjá ni, ó dúró. Ó sún mọ́ ọn. Ó ka gbogbo ìtàn náà, ó tún padà sórí ojú jagunjagun.

"Ta ló ya èyí?"

"Èmi ni, mà," Dámisí dáhùn, orí rẹ̀ ti ń wú.

"Níbo lo ti rí ọkùnrin yìí?"

"Àròsọ ni, mà. Jàpáànù ló ti ṣẹlẹ̀."

"Wọ́n máa ń kọlà àbàjà ní Jàpáànù?" Obìnrin náà fi ìka tọ ilà tó yà náà. "Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí ọkùnrin tí ilà rẹ̀ yà báyìí gba oko bàbá mi lọ́wọ́ ìyá mi. Aṣọ ìyá mi ni mo dì mú. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi rò pé ìyá mi ló parọ́, pé oko yẹn kì í ṣe tiwa. Èmi ọmọ rẹ̀! Ẹṣin lo yà síbí. Kí ló gbà gan-an?"

Ojú Dámisí ṣèèṣì yí sí ọ̀dọ̀ Ọmọ́wùnmí tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Àtinúkẹ́ bá ojú náà lọ. Ọmọ́wùnmí wo àwòrán, ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì gba àárín èrò jáde.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Àtinúkẹ́, tó ti wádìí ẹbí Ọmọ́wùnmí, gbé àwòrán náà lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, sí ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi tí Bàbá ń lọ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ìsìn parí, ó ṣí i síta. Ta ló fẹ́ dá a lẹ́bi? Ìyá rẹ̀ ló ń jà fún. Láti ọjọ́ náà Bàbá kò jáde mọ́. Wọ́n mú Ọmọ́wùnmí kúrò nílé ìwé ní Ọ̀yọ́ kí ó lè máa tọ́jú rẹ̀.

Dámisí kò lè ya nǹkan kan mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin níwájú Bàbá, nítorí ìkúnlẹ̀ kò tó o mọ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí."

"Dìde, ọmọ mi." Àwòrán náà wà lórí itan Bàbá. "Òótọ́ lo yà. Mo ṣẹ̀, ó sì yẹ kí ọmọ yẹn mọ̀ pé ìyá òun kò parọ́. Mo ti ra oko náà padà lọ́wọ́ àwọn ọmọ olówó, inú Bíbélì mi ni ìwé rẹ̀ ti wà láti ọdún tó kọjá. Ibi tí ọmọ obìnrin yẹn wà ni mi ò mọ̀. Oṣù tó kọjá ni wọ́n tó sọ fún mi pé Akẹ̀sán ló ti ń tajà. Mo ti ní kí wọ́n rán aṣọ tí màá wọ̀ lọ. Ẹsẹ̀ ara mi ni mo fẹ́ fi lọ bẹ̀ ẹ́, Dámisí. Nígbà tí mo wá yọ ìwé náà fún un lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú yẹn, ó gbà á, ó ní, 'Ìgbà tí ọwọ́ tẹ̀ yín lẹ rántí.' Òótọ́ ló sọ. Báwo ni màá ṣe sọ pé mo ti rántí tipẹ́?"

Dámisí bú sẹ́kún.

"Ibì kan ṣoṣo lo ti parọ́ nínú ìwé rẹ," ni Bàbá wí. "O ní kò dùn ún."

Ojú rẹ̀ kò yí padà. Ṣùgbọ́n omi bọ́ lójú òsì rẹ̀, ó tọ ilà tó yà náà lọ títí dé àgbọ̀n, ó sì kán sórí àwòrán.

Ọmọ́wùnmí ló wá gba ife omi lọ́wọ́ àlejò. Láyé ọ̀rẹ́ wọn, bí ọ̀kan bá sin ìkejì délé, ìkejì á tún sìn ín padà, títí ìyá ẹnì kan yóò fi lọgun mọ́ wọn. Lọ́jọ́ náà, Ọmọ́wùnmí sìn ín dé ẹnu ilẹ̀kùn.

"Bàbá ti forí jì mí," Dámisí sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Mo gbọ́. Bàbá lo tú àṣírí rẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n èmi lo búra fún." Ó mú ilẹ̀kùn lọ́wọ́. "Ó dàbọ̀, Dámisí."

Dámisí dá nìkan rìn dé ibùdókọ̀. Ọ̀rọ̀ tí ọ̀rẹ́ bá fi pa mọ́ sí wa lọ́wọ́ kì í ṣe tiwa láti fi gba ìyìn, ì báà ṣe òótọ́ ọ̀rọ̀, ì báà ṣe ilẹ̀ Jàpáànù la gbé e lọ. Ẹ má sì rò pé ẹni tí kì í sunkún kò ní ọkàn. Dámisí ti mọ gbogbo èyí báyìí. Ó sì tún mọ̀ pé àga tóun ń jókòó lé ní kíláàsì, òun nìkan ni yóò máa jókòó lé e títí wọn yóò fi ṣe ìdánwò àṣejáde.