Òkè Tí Ewúrẹ́ Jẹ

Òkè ni ewúrẹ́ ń jẹ nígbà tí Títíladé kọ́kọ́ rí Adésọjí. Kì í ṣe pé ó ń jẹko lórí òkè. Òkè gan-an ló ń jẹ. Ó ti jẹ orí rẹ̀ tán, ó ti ń sún mọ́ ìdí. Ọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun kúnlẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó di ìwo rẹ̀ méjèèjì mú, ó sì ń bẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń bẹ àna.

"Jọ̀wọ́," ni ó ń wí, "fi èyí tó kù sílẹ̀ fún mi."

Òdìkejì títì ni Títíladé ti sáré wá. Ọ̀dà búlúù ṣì wà ní ìka rẹ̀, nítorí iṣẹ́ pátákó kíkọ ni ó ń ṣe. Òun ló kọ orúkọ sára ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù àti ìjọ Aládùúrà tó wà ní Igbodigo, lẹ́bàá Òkìtìpupa, ó sì kọ ti Àyèká díẹ̀ pẹ̀lú.

"Ẹ má bínú, sà. Ewúrẹ́ bàbá mi ni. Kí ni ó jẹ?"

"Òkè."

"Òkè wo?"

"Òkè tí rélùwéè máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá."

Títíladé wò ó lójú dáadáa. Kò sí ohun tó ṣe ojú náà, ojú tó dára ni, àárẹ̀ kàn mú un ni. Ó bá a fa ewúrẹ́ sẹ́yìn, ó mú ìyókù òkè náà sọ́wọ́, ó sì rí i pé ìwé ìròyìn ni wọ́n lẹ̀ pọ̀ lé ara wọn, tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé.

"Kí lẹ fi lẹ̀ ẹ́?"

"Sítáṣì."

"Sítáṣì ẹ̀gẹ́?" Títíladé bú sẹ́rìn-ín. "Sà, oúnjẹ lẹ gbé síta. Ọbẹ̀ nìkan ni ẹ ò bù sí i."

Adésọjí náà rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló wọ ikùn ewúrẹ́ yẹn. Ó béèrè ohun tó dé tí wọn kì í so ó mọ́lẹ̀.

"Bàbá mi kì í so ewúrẹ́. Wọ́n ní ẹni tó bá ní ilẹ̀kùn ni kó tì í."

Ọmọ Ọ̀ffà ni Adésọjí, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, tíṣà jọ́gíráfì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní ìlú náà. Ọdún 1994 ni. Ní oṣù méjì ṣáájú ìgbà yẹn, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kejì nípa rélùwéè, ọmọ kan sì béèrè pé nígbà tí dẹ́rẹ́bà rélùwéè kò ní ìtọ́kọ̀ lọ́wọ́, ta ló ń yí i ní kọ́nà. Ó yàwòrán títí ṣọ́ọ̀kì fi tán. Nígbà tó béèrè ẹni tó ti fojú rí rélùwéè rí, ẹnikẹ́ni kò nawọ́.

Nígbà tó lọ sílé, ó gbé páálí kan bọ̀ láti Ọ̀ffà. Ìdíkọ̀ rélùwéè ibẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ kó tó kú, òun ni ó máa ń yí ojú irin kí ọkọ̀ lè gba ọ̀nà tó yẹ. Ọ̀gá kan tó ń fẹ̀yìn tì ló fún bàbá náà ní rélùwéè ìṣeré tó wà nínú páálí náà: orí kan, ọkọ̀ ẹ̀yìn mẹ́ta, àti ojú irin tó ń ṣe òbìrí, tó fẹ̀ tó ẹní ìsùn. Bátìrì ló ń wà á. Adésọjí fẹ́ tẹ́ ìlú kan sábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú odò, afárá, òkè àti ilé, kí ó gbé e lọ sí kíláàsì kí ọdún tó parí.

"Oje rọ́bà ni kí ẹ fi lẹ̀ ẹ́," ni Títíladé wí. "Kò sí ewúrẹ́ tó lè jẹ ẹ́. Màá bá yín gbà á lọ́wọ́ àwọn tó ń dá a ní Ìjù-Odò. Ewúrẹ́ wa ló jẹ gbèsè, èmi ni màá san án."

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òkè kejì ga ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Láti ọjọ́ yẹn, bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti parí, Títíladé á ré títì kọjá, wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé sílẹ̀ gbayawu kí aládùúgbò má baà rí ohun tí kò sí. Adésọjí ti ya àwòrán ìlú náà sí páálí, ó ti wọn gbogbo rẹ̀. Títíladé wò ó fún ìṣẹ́jú kan péré.

"Báwo ni àwọn èèyàn yìí ṣe máa ń dé ìdíkọ̀?"

"Wọ́n á rìn."

"Lórí kí ni? Ẹ ò la ọ̀nà. Ẹ ti ṣe ìlú tí ẹnikẹ́ni ò lè ti ibẹ̀ wálé."

Adésọjí wo páálí náà. Òótọ́ ni. Ó ti rántí gbogbo ojú irin, ó ti gbàgbé ẹsẹ̀ ènìyàn. Ó mú írésà, ó sì fún un ní pẹ́ńsùlù.

Báyìí ni wọ́n ṣe kọ́ ìlú wọn. Inú ọ̀pá ògùrọ̀, tí àwọn ọmọdé fi ń ṣe mọ́tò, ni wọ́n fi ṣe ilé. Agolo mílíìkì di páànù. Ẹyọ ìgbálẹ̀ tí wọ́n so ìràwé mọ́ lórí di igi ọ̀pẹ, wọ́n sì gbin ọgọ́rin rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá. Dígí kan tó fọ́ di odò. Títíladé ní ìlú tí kò ní ṣọ́ọ̀ṣì kì í ṣe ìlú, Adésọjí ní kò sí àyè, ṣọ́ọ̀ṣì sì dúró níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, pẹ̀lú ewúrẹ́ amọ̀ kan lẹ́nu ọ̀nà tó tóbi ju ẹnu ọ̀nà lọ.

"Ewúrẹ́ yìí ga ju rélùwéè."

"Ẹ ò mọ bó ṣe ń jẹun ni."

Oje rọ́bà máa ń gbẹ mọ́ ìka. Lọ́jọ́ kan, Títíladé di ọwọ́ Adésọjí mú, ó ń bó o kúrò níkọ̀ọ̀kan, kò sì kánjú. Adésọjí ti gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ nípa afárá.

"Títí, bí iṣẹ́ yìí bá parí, kí ni n ó tún máa fi pè ọ́ wá?"

"Ẹ ṣe é kó má parí."

"Mo fẹ́ràn rẹ."

"Mo mọ̀. Ó ti pé oṣù kan. Ẹ̀yin lẹ pẹ́." Ó sì bó ìka tó kù.

Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, Adésọjí lọ tọrọ Títíladé lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Káfíńtà ni bàbá náà, Pa Jethro, alàgbà ìjọ Aládùúrà, ìyàwó rẹ̀ sì ti kú láti ọdún mọ́kànlá. Ó ṣì wọ aṣọ funfun rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà nílẹ̀ láìní bàtà. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dé òpin.

"Tíṣà dáadáa ni ọ́," ni ó wí. "O máa ń kí èèyàn. Ṣùgbọ́n ọmọ rélùwéè ni ọ́, ìjọba sì lè gbé ọ lọ lọ́la. Mo ti fi ọma kan fún rélùwéè. N ò ní fi méjì fún un." Ọma ni wọ́n ń pe ọmọ níbẹ̀.

Ó dìde, ó wọlé, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn. Adésọjí ré títì padà sílé. Ó dùn ún púpọ̀, pàápàá bí bàbá náà kò ṣe bínú.

Gbogbo àdúgbò ló mọ ìtàn Helen. Òun ni àkọ́bí Pa Jethro. Ní 1985 ó fẹ́ ọmọ Ọ̀tùkpó kan tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè, wọ́n gbé ọkọ rẹ̀ lọ sí Kafanchan ní Òkè Ọya, ó bá a lọ, kò sì padà wá mọ́. Ọdún mẹ́sàn-án. Àwọn èèyàn ní ọmọ náà ya aláìmoore. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni Títíladé sọ fún Adésọjí ní ọjọ́ Ajé.

"Èmi ni mo gbé báàgì rẹ̀ lọ sí gáréèjì Òkìtìpupa. Mo gbọ́ ohun tí bàbá wí. Wọ́n ní, 'Bí o bá wọ ọkọ̀ yìí, má wẹ̀yìn wo ulí mi mọ́.' Ilé là ń pè ní ulí. Helen sì gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu. Òun ló máa ń gbọ́ràn jù nínú wa."

Ẹyin lọ̀rọ̀, ti Pa Jethro ti fọ́ láti ọdún mẹ́sàn-án, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbá a.

"Jẹ́ ká kọ lẹ́tà sí i," ni Adésọjí wí.

"Ẹnu tó lé e ló gbọ́dọ̀ pè é. Bí mo bá pè é, kò ní wá. Bí bàbá ò bá sì rí i, wọn ò ní fi mí fún yín, èmi náà ò sì ní sá lọ bá yín. Mo ti rí ohun tó ṣe bàbá."

Adésọjí dá bébà tó ti mú jáde padà sínú àpò.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni rélùwéè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú. Pákó tí wọ́n tẹ́ ìlú sí kò gbẹ dáadáa kí wọ́n tó là á, ó ti ká sókè lápá kan. Bí ọkọ̀ bá ti dé orí afárá, gbogbo rẹ̀ á rì sínú dígí. Káfíńtà kan ṣoṣo ló wà ládùúgbò. Adésọjí ré títì kọjá.

"Iṣẹ́ ni mo gbé wá, Bàbá. Kì í ṣe ọ̀rọ̀."

Pa Jethro lè kọ àna, ṣùgbọ́n kò lè kọ pákó tó ká. Ó gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ dé. Ó wo ìlú náà, ó bu omi sínú àwo pẹrẹsẹ, ó gbé e sórí pákó, ó sì tẹjú mọ́ bí omi náà ṣe fì. Ó kan igi ìdábùú mẹ́ta sábẹ́ rẹ̀, ó tún gbé àwo lé e, títí omi fi dúró jẹ́ẹ́ láti etí dé etí.

"Jẹ́ kó lọ," ni ó wí.

Títíladé tan án, rélùwéè sì lọ. Ó gun afárá, ó wọ abẹ́ òkè, ó jáde, ó sì padà wá síwájú wọn. Pa Jethro jẹ́ kó yí i ká nígbà mẹ́rin.

"Níbo ló ń lọ?"

"Ọ̀ffà lọ́hùn-ún, Bàbá. Níbí, a fi Òkìtìpupa síbẹ̀."

"Rélùwéè ò dé Òkìtìpupa."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Títí ló ní kó dé ibẹ̀."

Ọkùnrin náà fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀. "Kafanchan ńkọ́?"

Títíladé wo ilẹ̀. "Kò sí níbẹ̀, Bàbá."

Pa Jethro fi ìka wọn ibì kan lẹ́yìn òkè. "Àyè wà níbí," ni ó wí, ó sì kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kẹta ó padà wá pẹ̀lú ìdíkọ̀ kan tó fi àjákù igi ìrókò gbẹ́. Ó ní fèrèsé mẹ́fà, àga gígùn kan wà níwájú rẹ̀, obìnrin kékeré kan sì jókòó sórí àga náà. Ó gbé e sí ibi tó wọ̀n.

"Kọ Kafanchan sí i," ni ó wí fún Títíladé.

Títíladé ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà. Ó gbé e sókè, kò kọ nǹkan kan.

"N ò ní kọ ọ́, Bàbá, àfi bí ẹ bá ní kí n kọ lẹ́tà sí Helen ná."

Ọ̀dà kán sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Pa Jethro wo obìnrin orí àga yẹn tí òun fúnra rẹ̀ gbẹ́, ó wò ó pẹ́.

"Kí ni n ó wí fún un?" ni ó béèrè.

"Ohun tí ẹ bá fẹ́."

"Sọ fún un pé ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní gáréèjì, kì í ṣe ọ̀rọ̀ bàbá. Sọ fún un pé kó máa bọ̀ wá sí ulí rẹ̀."

Títíladé kọ lẹ́tà náà tán kó tó kọ pátákó.

Kí Helen tó dé, wọ́n ti gbé ìlú náà lọ sí ilé ẹ̀kọ́, wọ́n sì ti gbé e padà. Ọmọ tó béèrè ìbéèrè fi ìka tọ ojú irin ní kọ́nà, ó sì ní, "Háà, ọ̀nà ló ń yí i." Adésọjí kò rí èsì tó dára jù bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù Kejìlá ni Helen sọ̀kalẹ̀ nínú takisí tó ti Òrè wá, pẹ̀lú ọmọ méjì. Pa Jethro ń fá pákó níwájú ilé. Ó rí i, ó sì gbé ìfági sílẹ̀. Helen kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, kò ré e kọjá.

"Ẹ ní kí n máa bọ̀, Bàbá."

"Mo ní kí o máa bọ̀. O pẹ́."

"Ẹ̀yin lẹ pẹ́, Bàbá."

Pa Jethro ré gọ́tà kọjá lọ bá a. Ó sunkún lójú títì, ní ọ̀sán gangan, kò sì fọwọ́ bojú.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó pe Adésọjí.

"Bí ìjọba bá gbé ọ lọ sí ọ̀nà jíjìn ńkọ́?"

"Mi ò lè sọ pé wọn ò ní gbé mi, Bàbá. Ṣùgbọ́n ibi yòówù tí mo bá wà, a ó máa wálé."

Pa Jethro ronú sí i. Ó wọlé, ó mú okùn jáde, ó mú ewúrẹ́ tí wọn kò so rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ó fà á ré títì kọjá, ó sì so ó mọ́ òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ Adésọjí.

"Ó jẹ òkè rẹ," ni ó wí. "Lọ́jọ́ ìdána, ìwọ náà á jẹ ẹ́."

Ó padà sílé rẹ̀. Nínú yàrá Adésọjí, àwọn ọmọ Helen ti tan rélùwéè, ó ń lọ ó ń bọ̀ láàárín Kafanchan àti Òkìtìpupa. Títíladé jókòó ti Adésọjí lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ sínú ọwọ́ rẹ̀. Ewúrẹ́ ń wò wọ́n.

"Ṣé ẹ máa lè jẹ ẹ́, Tíṣà mi?"

"N ó jẹ ẹ́," ni Adésọjí wí. "Ṣùgbọ́n n ó kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."