Iyanrìn Ẹ̀yìnkùlé Dagogo

Ẹni tó bá fẹ́ gbà kó gbà. Ẹni tí ò bá gbà, kó wọkọ̀ lọ sí Eneka ní Port Harcourt, kó lọ fojú ara ẹ̀ wò ó. Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ọ̀sán gangan ló ṣẹlẹ̀, kì í ṣe òru, kì í ṣe ojú àlá.

Faruk, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ló ṣẹlẹ̀ sí. Ilé búrẹ́dì kan ní Rumuokoro ló ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Lọ́jọ́ náà, ó ti ṣe alẹ́ mẹ́ta léra. Ara ẹ̀ ti rọ bí ìyẹ̀fun tí wọ́n pò tì. Ojú ń ta á. Ṣùgbọ́n kò lè sùn, torí Asiata ìyàwó ẹ̀.

Asiata lóyún oṣù mẹ́ta. Ọjọ́ kẹrin nìyẹn tí oúnjẹ ò dúró níkùn ẹ̀. Omi lásán gan-an, ó ń bì í. Nọ́ọ̀sì ti sọ ọ́ kó tó di pé wọ́n bi í: tó bá ń lọ báyìí, oyún yẹn ò ní dúró.

"Kí lo lè jẹ?" Faruk bi í.

"Ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Ṣùgbọ́n yan án. Tútù ẹ̀ ń kan mí léyín."

"Yan án? Ṣé ẹja ni?"

"Àbí oníbúrẹ́dì kọ́ lo pe ara ẹ nígbà tó ò ń fẹ́ mi?"

Faruk rẹ́rìn-ín. "Ó ti tán. Fi sílẹ̀ fún mi."

Ó mọ̀ ọ́n ṣe. Iṣẹ́ ẹni tó ti rẹ̀ ni. Gé ọ̀pẹ̀ òyìnbó sínú páànù, wọ́n ṣúgà sí i, rún búrẹ́dì àná lé e lórí, ha bọ́tà sí i, ó parí. Wọn ò ní ààrò nílé. Ṣùgbọ́n da iyanrìn sídìí ìkòkò ńlá, gbé páànù lé iyanrìn, dé e pa, gbé e kaná. Ààrò náà nìyẹn.

Iyanrìn ló kù. Òkìtì méjì wà lẹ́yìnkùlé. Faruk mọ̀ pé típà já iyanrìn fún Dagogo, láńlọ́ọ̀dù wọn. Òkìtì kejì, kò béèrè. Òjò ti pa méjèèjì. Eérú dúdú tó ń já bọ́ lójú ọ̀run Port Harcourt ti bo méjèèjì. Dúdú ni eléyìí, dúdú nìyẹn. Ó bu èyí tó sún mọ́ ọn. Ó gbé ìkòkò ka sítóòfù, ó tò ó bó ṣe yẹ, ó dé e. Ó ní kóun fẹ̀yìn ti ògiri díẹ̀.

Oorun gbé e lọ.

Òórùn ló jí i. Bọ́tà. Ṣúgà tó ń pọ́n díẹ̀díẹ̀. Òjò ti dá. Jẹnẹrétọ̀ gbogbo àdúgbò ti dákẹ́. Kò sí ìró kankan, àfi nínú ìkòkò. Ṣìì. Ṣìì. Bí ẹni ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀.

Ó nawọ́ kó rẹ iná sílẹ̀.

Kò síná.

Ó fọwọ́ kan sítóòfù. Ó tutù. Ó mì í. Kò sí kẹrosíìnì nínú ẹ̀. Ó wá rántí: òun ò ṣáná sí i. Ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé ó gbàgbé iná.

Ó ṣí ìkòkò. Ooru gbá a lójú. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó ti jinná, orí ẹ̀ pọ́n dáadáa.

Faruk jáde. Dagogo ń gbálẹ̀ lẹ́yìnkùlé.

"Oga Dagogo, abeg. This sand wey near wall, na tipper bring am?"

Dagogo dúró. "No o. Na the other one be tipper own. That one na wetin we dig comot before we bury my Mama for this backyard. You no dey house that Saturday?"

Kò sí nílé. Ibi iṣẹ́ ló wà.

"You carry am?"

"Small."

Dagogo ò bínú. Ó rẹ ohùn ẹ̀ sílẹ̀. "E hot?"

Faruk ò tíì mẹ́nu ba ooru. Kó tó dáhùn, Dagogo ti wọlé, ó ti tilẹ̀kùn.

Faruk sáré padà kó lọ da oúnjẹ náà nù. Asiata ti jókòó sílẹ̀, páànù wà láàárín ẹsẹ̀ ẹ̀, ṣíbí wà lẹ́nu ẹ̀.

"Má jẹ ẹ́!"

"Kí ló dé? O fẹ́ dá nìkan jẹ ẹ́ ni?"

Ó jẹ ẹ́ tán. Ó lá páànù. Faruk gbé báàfù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó ń dúró. Kò bì. Wọ́n pe ìrun àṣálẹ̀, kò bì. Ó sùn, ó ń hanrun.

Lọ́jọ́ kejì, Faruk ra kẹrosíìnì. Ó bu iyanrìn típà. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó kan náà, búrẹ́dì kan náà, iná gidi. Ṣíbí kan péré, Asiata bì í. Wọ́n lọ ọsibítù, wọ́n fún un lógùn, ó bì í.

Ìyàwó ẹ̀ ń kú lọ lójú ẹ̀. Faruk mú abọ́. Ó lọ síbi òkìtì ọ̀hún, ó gbọ́wọ́ lé e. Ó lọ́ wọ́ọ́wọ́ bí ẹ̀yìn ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. "Màmá, ẹ má bínú," ló wí, lédè tí màmá yẹn ò gbọ́ láyé ẹ̀. Ó bu ú.

Látìgbà náà, ó ń bu ú lójoojúmọ́. Abọ́ kan, páànù kan. Tí iyanrìn náà bá ti yan nǹkan lẹ́ẹ̀kan, á tutù, kì í sì í lọ́ mọ́ láé. Asiata ti sanra. Ikùn ẹ̀ ti yọ gbọngbọn. Oṣù mẹ́jọ rèé. Dagogo ń gbálẹ̀ ẹ̀ lọ, kì í wo ọ̀dọ̀ wọn.

Lánàá, Faruk wọn ìyókù òkìtì náà. Abọ́ mẹ́sàn-án. Ọmọ ṣì ku oṣù kan gbáko. Ó sáré lọ sọ fún Asiata.

Asiata ò gbójú sókè nínú páànù.

"Kí ló ń dẹ́rù bà ẹ́?" ló wí. "Ṣebí ìyókù wà nísàlẹ̀, lọ́dọ̀ Màmá."