Ẹni Tó Ní Iyọ̀ Pọ̀

Abọ́ ọbẹ̀ náà tún ti padà wá sí ilé ìdáná. Ó ṣófo. Ṣùgbọ́n Agbáwo, tó ń gbé oúnjẹ fún àwọn oníbàárà, kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ó ń họrí.

"Oníbàárà ẹ̀bá fèrèsé yẹn tún ní ọ̀rọ̀ kan."

Alásè, obìnrin tó ń dáná níbẹ̀, ju aṣọ ìnuwọ́ sílẹ̀. "Kí ló tún dé?"

"Ó ní ẹ tètè da omi sórí àlùbọ́sà. Ó ní ẹ ò bá jẹ́ kó pọ́n díẹ̀ sí i."

Ìkòkò wà lórí gbogbo ojú iná. Òógùn ń ṣàn lọ́rùn obìnrin náà. Kò dúró gbọ́ èyí tó kù. Ó mú ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́, ó fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn, ó bọ́ sáàárín àwọn tó ń jẹun.

Ọkùnrin náà dá jókòó lẹ́bàá fèrèsé. Ó tẹ́ẹ́rẹ́. Ìka rẹ̀ gùn, èékánná rẹ̀ mọ́.

"Ẹ̀yin lẹ ní ọbẹ̀ mi ò dára?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ jẹ ẹ́ tán! Ó kù díẹ̀ kí ẹ jẹ abọ́ mọ́ ọn!"

"Bí kò bá dára, mi ò ní sọ̀rọ̀. Oúnjẹ tí kò dára, ńṣe ni mo máa ń dìde kúrò nídìí ẹ̀. Èyí tó kù díẹ̀ kó pé ni mo máa ń dá sí."

"Ta ló fi yín ṣe tíṣà mi?"

"Kò sẹ́ni."

"Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹun, kí ẹ dákẹ́."

Ó padà sídìí iná. Inú ń bí i. Nígbà tó kan ìkòkò kejì, ó dúró. Ó jẹ́ kí àlùbọ́sà pọ́n kó tó da omi sí i. Ó tọ́ ọ wò.

Inú túbọ̀ bí i. Òótọ́ ni ọkùnrin náà sọ.

Bí wọ́n ṣe pàdé nìyẹn.

Aago ni ọkùnrin náà ń tún ṣe. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní igun òpópónà, aago kún gbogbo ògiri rẹ̀, wọn ò sì fẹnu kò lórí àkókò. Tọ́ọwò làwọn ènìyàn ń pè é. Kò sí ilé oúnjẹ tí kò tíì wọ̀, kò sì sí èyí tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n. Bó bá ti ń bọ̀ lókèèrè, àwọn alásè míì á ti máa pòṣé.

Kì í ṣe wọ̀bìà. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní kékeré. Bàbá rẹ̀ sì jẹ́ awakọ̀ ọ̀nà jíjìn. Orí tábìlì àwọn olóúnjẹ ló ti dàgbà. Kò sẹ́ni tó dáná nítorí rẹ̀ rí láyé rẹ̀, àfi ẹni tó fẹ́ gbowó.

"Oúnjẹ ìta, owó la fi ń jẹ ẹ́," ló sọ fún Alásè lọ́jọ́ kan. "Ìdí nìyẹn tí mo fi lè sọ̀rọ̀. Oúnjẹ ilé, ojú la fi ń jẹ ẹ́. Wọ́n ń wo ojú ẹ, ìwọ náà ń wo ojú wọn. Mo ṣì ń wá ẹni tó máa wo ojú mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ obìnrin náà lára. Ó fẹ́ràn rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Kò sọ ọ́, nítorí kò fẹ́ kó máa gbéra ga.

Ṣùgbọ́n ẹ̀dá tó ń súni ni Tọ́ọwò. Bí Alásè bá gba ìsinmi, ohun tó wù ú ni kó jókòó síbìkan, kí ẹlòmíì gbé oúnjẹ wá bá a, kó jẹ ẹ́ láìronú. Tọ́ọwò á mú un lọ sílé oúnjẹ. Oúnjẹ á dé. Tọ́ọwò á bù ú fẹ́ẹ́rẹ́, á dijú.

"Adìyẹ yìí ti wọ fíríìjì lẹ́ẹ̀mejì."

"Jọ̀ọ́."

"Òtítọ́ ni. Ó wọ̀ ọ́, ó jáde, ó tún padà."

"Ṣé o ò lè jẹun bí ọmọ ènìyàn ni? Àbí èmi nìkan ni mo fi ahọ́n sílẹ̀ nílé?"

"Ahọ́n rẹ dáa ju tèmi lọ. Ìwọ lo ń pa á mọ́ra."

"Ẹnu ẹ ló máa pa ẹ́."

"Mo fẹ́ràn rẹ," ni Tọ́ọwò wí. Ó ṣì ń jẹ adìyẹ náà. "Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ ṣáájú."

Alásè gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó wò ó títí. "O ò rí àléébù kankan tí wàá sọ?"

"Ó wà. O máa ń bínú kó o tó gbọ́ ọ̀rọ̀ tán."

Ó fẹ́ bínú. Ẹ̀rín ló gba ẹnu rẹ̀ jáde.

Ìgbéyàwó ni ọ̀rọ̀ náà já sí. Ó wá ku kí bàbá Alásè rí ọkùnrin náà.

Káfíńtà ni Bàbá. Ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ṣì tóbi, ó ṣì yi bíi pákó. Ìyá Alásè ti kú. Kó tó kú, orí ibùsùn ló ti kọ́ ọkọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀ ẹja, nítorí kò fẹ́ kí àwọn ọmọ máa wá sílé tó tutù. Bàbá kọ́ ọ bó ṣe kọ́ iṣẹ́ igi. Kò fi ohunkóhun kún un, kò sì yọ ohunkóhun kúrò. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ló ń sè é. Òun nìkan ló ń wọ ilé ìdáná. Ẹ̀gbọ́n, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, àti Alásè á wá, wọ́n á jẹ ẹ́, wọ́n á dúpẹ́.

Iyọ̀ inú ọbẹ̀ náà lè pa ènìyàn.

Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ rí. Ta ló fẹ́ sọ fún opó ọkùnrin pé ọbẹ̀ ìyàwó rẹ̀ bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹ̀gbọ́n máa ń gbé ike omi ńlá wá. Gbogbo wọn á mu omi bí ẹni tó ti aṣálẹ̀ dé. Bàbá náà ń mu ún. Wọn kì í wo ojú ara wọn.

Alásè ṣàlàyé fún Tọ́ọwò kí wọ́n tó wọlé. Ó dì í lápá mú.

"Jẹun. Rẹ́rìn-ín. Dákẹ́."

"Mo gbọ́."

"Bí Bàbá bá ní rárá, rárá náà nìyẹn. Mi ò ní bá bàbá mi jà nítorí ọbẹ̀."

"Mo ní mo gbọ́. Màá dákẹ́."

Ó gbìyànjú. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ nípa rẹ̀, ó gbìyànjú. Ó kí Bàbá dáadáa. Ó yin àga, ó yin fèrèsé. Ó jẹ ọbẹ̀ náà, ó mu omi, ó tún jẹ. Ẹ̀gbọ́n ti ń fojú sọ fún àbúrò rẹ̀ pé eléyìí á ṣeé fẹ́.

Bàbá ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ó gbójú sókè. "Ọ̀dọ́mọkùnrin, wọ́n ní o mọ oúnjẹ. Ṣé ó dùn?"

Alásè ta á nípàá lábẹ́ tábìlì.

Tọ́ọwò wo inú abọ́. "Bàbá, ọbẹ̀ gidi ni. Ẹja yẹn ò tú. Ata rẹ̀ kúnná. Ẹni tó kọ́ yín mọ ohun tó ń ṣe." Alásè tún ta á nípàá. "Iyọ̀ rẹ̀ ló pọ̀."

Ife dúró lẹ́nu Ẹ̀gbọ́n.

"Iyọ̀ pọ̀," ni Bàbá wí.

"Ó pọ̀, Bàbá."

"Ìwọ̀n ìyàwó mi ni mo lò. Ìwọ̀n kì í purọ́." Ó kọjú sí àkọ́bí rẹ̀. "Ṣé iyọ̀ pọ̀?"

"Rárá o, Bàbá. Ó ṣe rẹ́gí."

Ó kọjú sí èkejì. "Ìwọ lalásè. Ṣé iyọ̀ pọ̀?"

Alásè rí ojú bàbá rẹ̀, ó rí ojú Tọ́ọwò. Ètè rẹ̀ ń ta á nítorí iyọ̀.

"Ó ṣe rẹ́gí, Bàbá."

Bàbá dìde. Kò pariwo. "Ẹni tó ń wá àbùkù nínú ọbẹ̀, tó bá wá a tán níbẹ̀, ara ìyàwó ló kàn. O ṣeun tó o wá. Máa lọ sílé."

Níta, Alásè fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lulẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ mélòó ni mo bá ẹ sọ? Jẹun, rẹ́rìn-ín, dákẹ́! Ewo ló le níbẹ̀?"

"Wọ́n bi mí ni."

"Wọ́n bi ẹ́! Wọ́n ń bi gbogbo ayé! Kò sẹ́ni tó ń dáhùn!"

Tọ́ọwò ò bínú. Èyí ló burú jù. "Èmi, àlejò ni mo jẹ́. Mo ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ nìyẹn, ahọ́n rẹ nìyẹn, o sì ní ó ṣe rẹ́gí. Lọ́jọ́ tó o bá sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ wa ṣe rẹ́gí, báwo ni màá ṣe mọ̀?"

"Má wá síbi iṣẹ́ mi mọ́."

"Ó dáa."

Kò wá mọ́. Gbogbo ohun tí wọ́n bá ní kó ṣe ló máa ń ṣe, àfi kó dákẹ́.

Alásè ń se oúnjẹ. Àwọn abọ́ ń lọ, wọ́n ń padà wá ní òfìfo. Kò sẹ́ni tó ní ọ̀rọ̀ kan.

"Kí ni wọ́n wí?" ló bi Agbáwo lọ́jọ́ kan.

"Àwọn wo?"

"Àwọn tó jẹ ọbẹ̀!"

"Wọn ò wí nǹkan kan. Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n lọ. Àǹtí, ṣé kí n bá yín pe ọkùnrin yẹn ni?"

"Bọ́ síta!"

Ó tọ́ ọbẹ̀ náà wò. Ó kù díẹ̀ kó pé. Ó mọ ohun tó kù níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa bá a jà nítorí rẹ̀. Àárò ọkùnrin náà sọ ọ́ bí ebi.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó tètè dé ilé bàbá rẹ̀. Ó wọ ilé ìdáná láìkan ilẹ̀kùn. Bàbá dúró nídìí ìkòkò. Ó ṣí agolo iyọ̀, ó tẹ́ ọwọ́ òsì, ó ń da iyọ̀ sí kòtò àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ títí ó fi kún. Ó fi ìka tẹ́ ojú rẹ̀ kó lè dọ́gba, bí ẹni tó ń wọn igi.

"Kí lẹ̀ ń ṣe yẹn, Bàbá?"

"Ohun tí ìyá rẹ wí. Ó ní kí n da iyọ̀ sí àtẹ́lẹwọ́. Tó bá kún, ó tó."

Alásè wo ọwọ́ náà. Ilé iyọ̀ ni. Ẹyẹ lè sùn nínú rẹ̀. Ọwọ́ ìyá wọn kéré, bíi ti ọmọdé. Wọ́n máa ń fi ṣe é yẹ̀yẹ́ nígbà tó wà láyé.

Ó mí kanlẹ̀.

"Bàbá, iyọ̀ pọ̀."

Ọwọ́ náà dúró lókè ìkòkò.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí Màmá ti lọ."

"Ẹ sì ń jẹ ẹ́?"

"À ń jẹ ẹ́."

"Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi?"

"Ṣebí ẹ̀yin náà ń jẹ ẹ́! Ẹ ò mọ̀ ọ́n lẹ́nu ni?"

Bàbá jókòó sórí àpótí. Iyọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Mo mọ̀ ọ́n lẹ́nu. Mo rò pé ọ̀fọ̀ ni. Mo rò pé bí oúnjẹ ṣe máa ń rí lẹ́nu ẹni tí ìyàwó rẹ̀ bá kú nìyẹn."

Alásè tẹ́ ọwọ́ tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti bàbá rẹ̀. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ gan-an ni. Bàbá wò ó. Ó da iyọ̀ díẹ̀ sí kòtò àtẹ́lẹwọ́ ọmọ rẹ̀ títí ó fi kún, ó da ìyókù padà sínú agolo.

Nígbà tí ọbẹ̀ jinná, Bàbá tọ́ ọ wò. Ó kọjú sí ògiri, ó pẹ́ níbẹ̀.

"Òun nìyẹn," ló wí nígbẹ̀yìn. Ó fọwọ́ nu ojú. "Ẹ̀yin ọmọ burúkú! Ẹ sì jẹ́ kí n máa jẹ omi òkun! Lọ pe aláriwísí yẹn wá."

Tọ́ọwò wà nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ń jẹ búrẹ́dì láàárín àwọn aago. Alásè dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Iyọ̀ pọ̀ nínú ọbẹ̀ bàbá mi," ló wí. "Mo purọ́. Má bínú."

"Mi ò bínú. Èmi náà ò mú ìlérí mi ṣẹ."

"Mo fẹ́ràn rẹ. Bó o bá rẹ́rìn-ín, màá padà sílé. Bàbá ń pè ẹ́. Tó o bá sì sọ ohun kan nípa ọbẹ̀ yẹn lónìí, ohun kan péré, mo búra..."

Ó ti ń wọ bàtà.

Wọ́n jókòó, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tọ́ọwò jẹun. Kò sọ̀rọ̀. Ó gé ẹja, ó jẹ ẹ́. Kò sọ̀rọ̀. Alásè rántí pé oúnjẹ tí kò dára ni kì í dá sí.

Bàbá náà ti ń wò ó. "Kò dùn ni?"

Tọ́ọwò gbójú sókè. Omi wà lójú rẹ̀. Ó na abọ́ rẹ̀ sí Bàbá.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bù sí i fún mi."

Bàbá bù sí i, ó sì ń wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń jẹ ẹ́.

"Ata rẹ̀," ni Tọ́ọwò wí, "ì bá ta díẹ̀ sí i."

Alásè fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. "Olúwa, gbà mí o!"

Ẹ̀rín pa Bàbá. Ẹ̀gbọ́n dáwọ́ oúnjẹ dúró, ó ń wò ó, nítorí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn nínú ilé náà.

"Mú un lọ," ni Bàbá wí fún Alásè. "Mo fún ọ. Bó bá sú ọ, má dá a padà síbí."

Kí òjò tó dá ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Àwọn olóúnjẹ ni wọ́n gbà láti se oúnjẹ ọjọ́ náà. Ọkọ ìyàwó bu ìrẹsì sẹ́nu, ó dijú. Ìyàwó tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Ó gbé e mì.

Bàbá gbé ìkòkò ọbẹ̀ ẹja kan wá láti ilé, ó gbé e ka orí tábìlì wọn. Nígbà tí wọ́n ń kó àga jọ, egungun ẹja kan ló kù nínú rẹ̀. Ike omi ńlá tí Ẹ̀gbọ́n gbé wá ṣì kún; kò sẹ́ni tó mu ún.