Nọ́ńbà Ara Táyà

Nọ́ńbà tí mo fi ọwọ́ ara mi yún kúrò lára táyà náà ti padà síbẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ mọ́.

Mo kọ́kọ́ rò pé ojú mi ló ń ṣe mí. Mo gbé táyà náà jáde sínú oòrùn, mo fi ìka nù ún, mo tún fi etí ìró mi nù ún. Nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà níbẹ̀, wọ́n yọ gedegbe bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé táyà náà jáde nílé iṣẹ́ tó ṣe é. Ẹ̀rù ò bà mí lọ́jọ́ náà. Inú ló bí mi, torí èmi kì í fẹ́ ṣe iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ mi fún yín, kí ẹ má baà máa wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Táyà alùpùpù ni mò ń ṣe. Ọkọ mi ló kọ́ mi, nígbà tó sì kú, mi ò ti ṣọ́ọ̀bù pa. Mò ń lẹ túùbù, mò ń fa atẹ́gùn sí táyà, gbogbo àdúgbò ló ń pè mí ní Ìyá Táyà. Ṣùgbọ́n fífín ni iṣẹ́ tó gbé mi jáde. Tí táyà bá ti gbó, tí ara rẹ̀ ti dán bí orí apárí, mo máa ń ki abẹ tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọná, mo máa ń fi fín ojú ìlà tó ti pa rẹ́, títí táyà á fi ní ìlà tuntun. Lẹ́yìn ìyẹn, mo máa fi pólíìṣì bàtà kùn ún. Ẹni tó bá rí i á búra pé tuntun ni.

Ohun tí mi ò ń sọ fún oníbàárà ni pé inú ara táyà náà ni ìlà yẹn ti jáde. Ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù sí i lára ni mo tún gbẹ́ kúrò.

Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà wá nìyí. Táyà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà mẹ́rin tó ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì tó kẹ́yìn ni ọdún. Oníbàárà tó bá lajú máa ń wò ó. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń fi sáńpépà yún un títí ibẹ̀ á fi dán. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń fi abẹ kọ ilà kékeré kan sábẹ́ etí táyà, níbi tí ẹlòmíì ò ní wò, kí èmi fúnra mi má baà ṣì í mú. Mo máa ń kọ́ táyà gidi sára ògiri ọ̀tún, mo máa ń kọ́ ti fífín sára òsì. Ti òsì ò gbọdọ̀ wọ ilé wa. Àwọn àjèjì ni mò ń kó o fún.

Ilé wa yẹn náà ò pọ̀. Èmi ni, àti àbúrò mi ọkùnrin tí mo tọ́ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wa kú. Alùpùpù ló fi ń jẹun. Ìyàwó rẹ̀ bímọ sọ́dọ̀ ìyá tirẹ̀, ọ̀nà sì jìn, nítorí náà inú fóònù ló ti ń wo ọmọ láti bí ọ̀sẹ̀ méjì. Á máa na fóònù sí mi lójú pé kí n wo etí ọmọ, kí n wo ìka ọmọ, títí màá fi ní kó jẹ́ kí n ráyè ṣiṣẹ́. Mi ò sọ ọ̀rọ̀ táyà fífín fún un rí. Ojú ń tì mí ni. Ó máa ń sọ fáwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kò sẹ́ni tí ọwọ́ rẹ̀ dáa bíi ti ẹ̀gbọ́n òun.

Kí n padà sórí táyà tí mò ń sọ. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà tí mo ṣà á nínú àwọn àlòkù. Nígbà tí mo tẹjú mọ́ ọn, nọ́ńbà tó wá yọ sí i láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ò jọ èyí tí mo yún kúrò. Mẹ́ta àti mẹ́sàn-án ló ṣáájú, ọdún tí a wà yìí ló kẹ́yìn. Mo wo kàlẹ́ńdà ara ògiri, mo fi ìka kà á. Ọ̀sẹ̀ kejìdínlógójì la ṣì wà. Táyà tí wọn ò tíì ṣe ni mo gbé lọ́wọ́.

Mo pòṣé, mo tún yún un. Kí oòrùn tó kan àtàrí, oníbúrẹ́dì dé, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń fi alùpùpù gbé búrẹ́dì káàkiri àwọn ṣọ́ọ̀bù. Ohùn rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀, òórùn búrẹ́dì ò sì kúrò lára aṣọ rẹ̀ rí. Ó fọwọ́ pa táyà náà, ó rẹ́rìn-ín.

“Eléyìí dáa gan-an, Ìyá Táyà.”

“Á bá ẹ kalẹ́,” mo dá a lóhùn.

Lọ́jọ́rú ọ̀sẹ̀ kejì ni wẹ́dà tó ń jó irin ní ọ̀ọ́kán mi sọdá wá. Kò bá mi ṣẹ̀fẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Ó ní oníbúrẹ́dì ti ṣubú ní kọ́nà tó ṣáájú afárá, táyà ẹ̀yìn ló bẹ́, kò sì débi tí wọ́n ń gbé e lọ tó fi kú. Ó ní búrẹ́dì fọ́n ká gbogbo títì.

“Wọ́n ní eré ló ń sá,” wẹ́dà sọ.

“Eré ni,” mo yára dáhùn. “Eré ni wọ́n ń sá jù.”

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ike omi tí mo fi ń wo túùbù tó jò, kó má baà rí ojú mi. Mo ka ọ̀sẹ̀ nínú ọkàn mi. Kọkàndínlógójì ni. Mi ò ní purọ́ fún yín: mo mọ̀. Mo mọ̀, mo sì lẹ túùbù mẹ́fà kí n tó ṣíwọ́ lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lọ́sàn-án gangan, mo gbọ́ ìró táyà tí wọ́n ń yí bọ̀ nílẹ̀, táyà tí kò sí ríìmù nínú rẹ̀. Mo gbójú sókè. Ọkùnrin kan ló ń yí i bọ̀ láti ojú títì. Ó dé akoto, ó sì fa gíláàsì rẹ̀ wálẹ̀ bo ojú. Bàtà kan ṣoṣo ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ kejì funfun fún eruku.

“Ẹ kú iṣẹ́,” ló wí. Ohùn náà lọ sílẹ̀, àfi bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí wọ́n tì.

“O ṣé. Máṣíìnì ẹ ńkọ́?”

“Mo dá táyà yín padà ni.”

Òórùn búrẹ́dì ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Òórùn rọ́bà tó jóná tẹ̀ lé e. Ó kọjá lára mi, ó gbé táyà náà kọ́ sára ògiri ọ̀tún, láàárín àwọn tuntun.

“Ibẹ̀ kọ́ ni ààyè ẹ̀,” mo sọ.

“Ọwọ́ yín dáa, Ìyá Táyà,” ló fèsì, jẹ́jẹ́. “Kò sẹ́ni tó lè dá a mọ̀ yàtọ̀.”

Mo wo gíláàsì akoto náà. Ojú tèmi nìkan ni mo rí níbẹ̀. Mo ṣẹ́jú, kò sì sí ẹnì kankan níwájú mi mọ́. Lórí eruku, ìlà táyà tóóró kan wọlé láti ojú títì wá títí dé ẹsẹ̀ ògiri. Kò sí ipa ẹsẹ̀ kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì sí ohun tó jáde.

Mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ etí táyà náà. Ilà mi wà níbẹ̀. Mo wo nọ́ńbà rẹ̀: mẹ́rin àti òdo ló ṣáájú. Ọ̀sẹ̀ ogójì. Ọ̀sẹ̀ tí a wà nínú rẹ̀ gan-an nìyẹn, ọjọ́ Àìkú ọ̀la ni yóò sì parí.

Bí mo ṣe sá sọdá lọ bá wẹ́dà ni mi ò mọ̀. Ó ṣí ìbòjú rẹ̀, ó ní òun ò rí ẹnì kankan tó wọ ọ̀dọ̀ mi láti àárọ̀. Ó mú mi wọnú ìsọ̀ rẹ̀, ó fún mi lómi, ó ní oòrùn ló mú mi. Mo jókòó síbẹ̀, mo dorí kodò. Òun padà síta sídìí irin rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó tún yọjú wọlé.

“Àbúrò yín wá, ó ti pẹ́ díẹ̀ tó ti lọ. Mo ní ẹ ń sinmi, ó ní kí n má jí yín. Ó mú táyà kan lára ògiri bó ṣe máa ń ṣe. Ó ní ọ̀la lòun ń lọ wo ọmọ.”

Mo wo òdìkejì títì: ìṣó tí táyà náà wà lórí rẹ̀ ti ṣófo.

Eré tí mo sá lọ sílé àbúrò mi, mi ò sá irú rẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti dàgbà. Mo bá a lẹ́yìnkùlé, ó ti gbé táyà náà sẹ́yìn máṣíìnì, ó ń fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́, ó ń súfèé. Mo fa ọ̀bẹ iṣẹ́ mi yọ nínú ìró, mo gún táyà náà. Atẹ́gùn tú jáde fùù.

“Ẹ̀gbọ́n mi! Kí ló ṣe yín?”

“Níbo lo ti mú u?”

“Ara ògiri kẹ̀! Èyí tó dán jù ni mo mú, bíi ti ọjọ́sí. Ṣé ẹlòmíì ti sanwó ẹ̀ ni?”

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú omi ọṣẹ, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: abẹ, sáńpépà, pólíìṣì, oníbúrẹ́dì. Kò dá mi dúró. Nígbà tí mo parí, ọwọ́ mi ló ń wò.

“Èmi àti oníbúrẹ́dì la jọ máa ń jókòó ní oríta,” ló wí níkẹyìn. “Ó máa ń já búrẹ́dì fún mi. Èmi ni mo júwe ṣọ́ọ̀bù yín fún un.”

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo sunkún. Mo padà lọ mú táyà gidi wá, mo wo nọ́ńbà rẹ̀, mo fọwọ́ wá abẹ́ etí rẹ̀ yíká, kò sí ilà. Èmi fúnra mi ni mo bá a dè é sẹ́yìn máṣíìnì. Nígbà tí mo ń lọ, kò kí mi.

Ní ọjọ́ Àìkú, ó pè mí nígbà tó débẹ̀. Mo gbọ́ igbe ọmọ nínú fóònù, igbe tó dán mọ́rán.

“Ẹ̀gbọ́n mi, imú yín ló gbé wáyé o. Ẹ wá gba imú yín.”

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, torí mo mọ̀ pé ó ti fẹ́ dárí jì mí. Ó ní òun ń bọ̀ kí oòrùn tó rọ̀. Mo lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mo kó gbogbo táyà ògiri òsì sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé wọn wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ara mi fúyẹ́. Ọ̀sẹ̀ ogójì ti ń tán lọ, àbúrò mi sì wà láàyè.

Mo ń gé èyí tó kẹ́yìn lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ìró táyà tí wọ́n ń yí bọ̀ nílẹ̀.

“O ti dé!” mo ké, kí n tó gbójú sókè. “Ọmọ ńkọ́?”

Àbúrò mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó dé akoto, ó fa gíláàsì wálẹ̀. Bàtà kan ṣoṣo ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Òórùn páúdà ọmọ tuntun ni mo kọ́kọ́ gbọ́, rọ́bà tó jóná tẹ̀ lé e. Táyà tó yí wá fà tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti ẹ̀yìn lọ. Táyà iwájú ni.

Bíi ti ọjọ́sí, ló wí lánàá. Bó ṣe máa ń ṣe, ni wẹ́dà wí. Mo gbọ́ méjèèjì, táyà ẹ̀yìn nìkan ni mo sì wò.

“Mo dá a padà, Ẹ̀gbọ́n mi,” ló wí. Ohùn rẹ̀ ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ etí táyà náà. Mi ò ní láti wá ilà mi jìnnà. Mi ò wo nọ́ńbà. Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú ìró mi. Mo yọ ọ́: ìyàwó rẹ̀ ni. Ó dún títí ó fi dákẹ́, ó sì tún bẹ̀rẹ̀.

Mo fa àga fún àbúrò mi. Mo fi etí ìró mi nu eruku ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò ní bàtà, ó tutù. Mo ní kó jókòó, kó sinmi díẹ̀, kí n tó gbé fóònù.