Ọjọ́ Tí Ọ̀kẹ́rẹ́ Rìn Nínú Omi

Ọ̀kẹ́rẹ́ jí láàárọ̀ yìí, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn.

Kì í ṣe ọ̀kẹ́rẹ́ inú igbó o! Ọmọdébìnrin ni, ọmọ ọdún mẹ́fà. Ọ̀kẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é nílé, nítorí kò sí àga tí kò lè gùn, kò sì sí tábìlì tí kò lè fò sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀.

"Òní ni!" ó pariwo. "Òní ni! Òní ni!"

Òní ni Ọ̀kẹ́rẹ́ máa wọ omi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́ fún yín. Egungun ìbàdí Ọ̀kẹ́rẹ́ kan kò jókòó dáadáa sí àyè rẹ̀. Tó bá ń rìn, á máa tiro. Tó bá rìn jìnnà, á máa sunkún.

Ni dókítà bá tún egungun náà tò. Wọ́n wá fi báńdéèjì funfun dì í, láti ìbàdí títí dé ọrùn ẹsẹ̀. Báńdéèjì náà le bí ògiri. Béèyàn bá kàn án, á dún bí ilẹ̀kùn. Kó, kó, kó!

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko! Ọ̀kẹ́rẹ́ ò gun àga. Ọ̀kẹ́rẹ́ ò fò.

Ṣùgbọ́n wọ́n ti tú báńdéèjì náà báyìí. Ẹsẹ̀ ti jáde. Ó rí tín-ín-rín bí igi ìgbálẹ̀.

"Ẹsẹ̀, gbéra!" ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wí.

Ẹsẹ̀ ò gbéra.

"Ẹsẹ̀, mo ní kó o gbéra!"

Ẹsẹ̀ dákẹ́ bí ẹni tí kò gbọ́.

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ó ṣì ń sùn ni, ọmọ mi. Omi ló máa jí i."

Ọ̀kẹ́rẹ́ fẹ́ fúnra rẹ̀ wọ ṣòkòtò omi rẹ̀. Kò tíì lè tẹ̀ ba dé ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fún un ní ọ̀pá gígùn kan tó ní ìkọ́ lẹ́nu, wọ́n sì ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lò ó.

Ó fi ìkọ́ há ṣòkòtò. Ó fà á. Ó fà á. Ó fà á...

Ó ti gòkè!

"Bàbá, ẹ wò ó! Èmi ni mo wọ̀ ọ́!"

Iwájú ṣòkòtò ti di ẹ̀yìn. Bàbá rí i, ó kàn pàtẹ́wọ́ fún un.

Òrùlé ni Bàbá Ọ̀kẹ́rẹ́ ń kàn. Á gun orí ilé alájà mẹ́rin, á máa súfèé níbẹ̀. Gbà! Gbà! Gbà! Òòlù rẹ̀ á máa dún. Bàbá ò mọ bí ẹ̀rù ṣe ń rí.

Ohun tí Ọ̀kẹ́rẹ́ rò nìyẹn.

Gírí, gírí, gírí! Bàbá ń ti àga onítáyà tí Ọ̀kẹ́rẹ́ jókòó sí. Wọ́n gba ọ̀nà gbọọrọ kan kọjá nílé ìwòsàn. Ilẹ̀ ibẹ̀ ń dán. Gbogbo ibẹ̀ ń ta sánsán ọṣẹ.

"Bàbá, ẹ sáré díẹ̀!"

"Mò ń sáré."

"Ẹ sáré sí i!"

Ilẹ̀kùn ṣí. Fòóò! Ooru gbá wọn lójú.

Yàrá ńlá kan nìyí. Adágún omi kan wà láàárín rẹ̀, ó kún dẹ́múdẹ́mú! Omi tó dà bí ojú ọ̀run, ó ń mì legbelegbe.

Obìnrin kan dúró láàárín omi náà. Ó tóbi. Ohùn rẹ̀ náà tóbi. Fìlà rọ́bà pupa ló wà lórí rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa kọ́ ẹsẹ̀ àwọn ọmọdé bí wọ́n ṣe ń rìn. Tíṣà Ẹsẹ̀ ni Ọ̀kẹ́rẹ́ ń pè é.

"Ẹ káàárọ̀ o, Tíṣà Ẹsẹ̀!"

"Káàárọ̀, ọkọ mi! Bàbá Ọ̀kẹ́rẹ́, ẹ káàbọ̀. Ó yá, ẹ wọlé."

"Kí n wọ ibo?" ni Bàbá bi í.

"Inú omi."

"Èmi kẹ̀? Ṣebí ẹsẹ̀ ọmọ ló ń sùn. Tèmi ò sùn!"

Tíṣà Ẹsẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Òfin wa ni, ẹ jàre. Ọmọ kì í wọ omi yìí láìsí òbí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́ ò sọ fún yín ni?"

Bàbá ṣí báàgì. Ṣòkòtò péńpé kan wà níbẹ̀. Ìyá ti dì í sísàlẹ̀ pátápátá, kò sọ fún ẹnì kankan.

Bàbá wo omi.

Omi wo Bàbá.

Orúnkún Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í lu ara wọn. Gbọ̀n, gbọ̀n, gbọ̀n!

"Bàbá, ṣé ẹ̀rù omi ń bà yín ni?"

"Ta? Èmi? Òtútù ló ń mú mi."

Ọ̀kẹ́rẹ́ wo iwájú orí Bàbá. Òógùn ń kán níbẹ̀. Tó, tó, tó.

"Bàbá, ẹ ń làágùn o."

Bàbá mí kanlẹ̀. Ó lóṣòó ti àga Ọ̀kẹ́rẹ́. "Òótọ́ ni, ọmọ mi. Ẹ̀rù ń bà mí. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, mi ò wọ omi tó ju ti garawa lọ rí. Ṣé ká padà wá lọ́jọ́ mìíràn, kí ìyá ẹ mú ẹ wá?"

"Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o," ni Tíṣà Ẹsẹ̀ wí. "Àyè ọ̀sẹ̀ yìí ti kún."

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀! Ọjọ́ méje!

Ojú Ọ̀kẹ́rẹ́ kún fún omijé. Ó fẹ́ pariwo. Ó fẹ́ gbá àga rẹ̀ lẹ́ṣẹ̀ẹ́.

Ó tún wo orúnkún Bàbá. Gbọ̀n, gbọ̀n, gbọ̀n.

Ọ̀kẹ́rẹ́ mọ gbígbọ̀n yẹn. Bí òun náà ṣe gbọ̀n nìyẹn lọ́jọ́ tí wọ́n tú báńdéèjì. Kí ni Tíṣà Ẹsẹ̀ sọ fún un lọ́jọ́ náà?

Ó rántí!

"Bàbá, ẹ má wọ omi."

"Hẹ̀n?"

"Ẹ má wọ̀ ọ́. Ẹ kàn ti ìka ẹsẹ̀ kan bọ̀ ọ́. Ìka kan ṣoṣo."

Bàbá lọ wọ ṣòkòtò péńpé rẹ̀. Ó padà, ó jókòó létí omi. Ó di ojú rẹ̀ pa. Ó ti ìka ẹsẹ̀ kan bọ̀ ọ́.

"Ṣé ó dùn yín?"

"Rárá."

"Ṣé ẹ̀rù ṣì ń bà yín?"

"Ó ṣì ń bà mí."

"Ẹ mí sínú. Ẹ mí síta."

Fùùùù!

Bàbá ti ẹsẹ̀ méjèèjì bọ̀ ọ́. Ó la ojú kan. "Áà! Omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́!"

"Ṣé ẹ̀rù ṣì ń bà yín?"

"Ó ti dín kù díẹ̀."

"Ẹ mí sínú. Ẹ mí síta."

Fùùùù!

Bàbá di irin mú. Ó tẹ àtẹ̀gùn kan, ó sọ̀ kalẹ̀. Omi dé ọrùn ẹsẹ̀. Ó tẹ òmíràn. Omi dé orúnkún. Ó tún tẹ òmíràn. Omi dé ìbàdí.

Kò sí àtẹ̀gùn mọ́. Ilẹ̀ ni Bàbá tẹ̀.

"Mo ti wọlé!" Bàbá pariwo. "Ẹ wò mí! Mo dúró sínú omi!"

Pà, pà, pà! Ọ̀kẹ́rẹ́ àti Tíṣà Ẹsẹ̀ pàtẹ́wọ́.

Ó wá kan Ọ̀kẹ́rẹ́!

Àga irin kan wà létí omi. Tíṣà Ẹsẹ̀ gòkè wá, ó gbé Ọ̀kẹ́rẹ́ sórí rẹ̀. Ó de bẹ́líìtì mọ́ ọn. Ó tẹ bọ́tìnnì kan.

Gííííííí...

Àga ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Omi kan ìka ẹsẹ̀. Omi kan orúnkún. Omi kan ikùn. Ọ̀kẹ́rẹ́ bú sẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n kí lèyí?

Ẹsẹ̀ Ọ̀kẹ́rẹ́ ń gòkè! Kò sẹ́ni tó gbé e o! Nílé, ó wúwo bí odó. Nínú omi, ó fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìyẹ.

"Ẹsẹ̀ mi léfòó! Bàbá, ẹsẹ̀ mi ti jí! Ó ti jí!"

Ọ̀kẹ́rẹ́ fi ẹsẹ̀ gbá omi. Pàá! Omi fọ́n sí Bàbá lójú.

"Yéè!" ni Bàbá wí. Ṣùgbọ́n kò sá.

Tíṣà Ẹsẹ̀ tú bẹ́líìtì. Ó di Ọ̀kẹ́rẹ́ mú níbàdí, gírígírí. "Ó yá, ọkọ mi. Bàbá wà lọ́ọ̀ọ́kán yẹn. Fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, kó o rìn lọ bá wọn."

Ọ̀kẹ́rẹ́ wo ilẹ̀ inú omi.

Àyà rẹ̀ ń lù. Kì, kì, kì.

"Tó bá dùn mí ńkọ́?" ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

Bàbá gbọ́. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú. "Ọmọ mi, má rìn."

"Hẹ̀n?"

"Má rìn. Ìka kan ni kó o fi kan ilẹ̀. Ìka kan ṣoṣo."

Ọ̀kẹ́rẹ́ fi ìka kan kan ilẹ̀.

"Ṣé ó dùn ẹ́?"

"Rárá."

"Mí sínú. Mí síta."

Fùùùù!

Ọ̀kẹ́rẹ́ fi gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ tẹlẹ̀. "Kò dùn mí. Ó kàn ń fà mí díẹ̀."

"Fífà yẹn dáa," ni Tíṣà Ẹsẹ̀ wí. "Iṣan ẹsẹ̀ ẹ ló ń nà. Tó bá dùn ẹ́, sọ fún mi kíá, a máa dúró."

Ọ̀kẹ́rẹ́ gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Ṣàà!

"Ení!" Bàbá kà á.

Ṣàà! "Èjì!"

Ṣàà! "Ẹ̀ta!"

Ṣàà! "Ẹ̀rin!"

Ṣàà! "Àrún! Ọmọ mi rìn! Ọmọ mi rìn o!"

Inú Bàbá dùn débi pé ó fò sókè. Ó ti gbàgbé pé inú omi lòun wà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀.

GBULÚÚÚ!

Bàbá dà? Bàbá ti rì! Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì nìkan ló yọ síta.

Tíṣà Ẹsẹ̀ nawọ́ kíá, ó fà á. Fìùùù! Bàbá yọ lókè, ó ń tu omi jáde lẹ́nu. Ó fọwọ́ kan orí rẹ̀. Ó fọwọ́ kan imú rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ pé.

"Mo ṣì wà!" ni Bàbá wí. "Omi ò gbé mi lọ!"

"Ẹ tún un ṣe, Bàbá! Ẹ tún un ṣe!"

Ọ̀kẹ́rẹ́ ń rẹ́rìn-ín kèékèé. Tíṣà Ẹsẹ̀ náà ń rẹ́rìn-ín.

Lójijì, Bàbá wo ọwọ́ Tíṣà Ẹsẹ̀. Ojú rẹ̀ là kalẹ̀. "Tíṣà... ṣebí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì fà mí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ta ló wá di Ọ̀kẹ́rẹ́ mú?"

Tíṣà Ẹsẹ̀ wo ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ òsì.

Ọ̀kẹ́rẹ́ wo ìbàdí ara rẹ̀. Kò sí ọwọ́ kankan níbẹ̀!

Ó ń dá dúró. Ẹsẹ̀ méjèèjì, lórí ilẹ̀, gbọnin!

"Èmi ni!" Ọ̀kẹ́rẹ́ ké. "Èmi ni mo di ara mi mú!"

Bàbá fẹ́ fò. Ó rántí. Kò fò mọ́.

Nígbà tí wọ́n délé, Ìyá ṣílẹ̀kùn. "Ẹ káàbọ̀ o. Báwo ni..."

"Mo rìn nínú omi!" ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wí.

"Mo wọ omi dé ìbàdí!" ni Bàbá wí.

"Mo dá dúró, Ìyá!"

"Mo mu omi yó, Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́!"

"Ẹ rọra! Ẹ rọra!" ni Ìyá wí. "Ta ló dá dúró? Ta ló mu omi?"

Wọ́n tún sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyá gbọ́ ọ dópin, ó gbá Ọ̀kẹ́rẹ́ mọ́ra títí. Ó ní, "Tóò. Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, èmi ni mo máa mú ẹ lọ."

"Rárá o!" ni Bàbá wí. Ó ti dé ìdí okùn, ó ń sá ṣòkòtò péńpé rẹ̀. "Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́, ẹ ṣàánú mi. Èmi ni mo ni ọjọ́ omi!"

"Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan, Bàbá," ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wí. "Àwa méjèèjì la ni ín!"