Ọ̀wẹ̀ Àna Lóko Sàlàkọ́

Ọkùnrin gíga, eléjìká gbàǹgbà, ló jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé Mọ́ládé ní Ṣakí, tó ń sinmi kó tó lè nawọ́ kan ilẹ̀kùn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àárẹ̀ tó ń ṣe Abíọ́nà kì í ṣe èyí tí oorun ń wò. Dókítà ní ó ti di bárakú, pé kó máa ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, kó sì wá ẹni tó mọ bí a ti ń fọwọ́ ra ara. Iṣẹ́ Mọ́ládé nìyẹn. Ní Ofiki tó ti wá, ọ̀lẹ ni wọ́n ń pè é.

"Bọ̀dá, ṣé ẹ̀ ń ṣọ́ ilé fún mi ni?" Mọ́ládé bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni o. Omi mímu nìkan ni owó iṣẹ́ mi."

Ẹ̀rín pa Mọ́ládé. Ọjọ́ náà ló ti fẹ́ràn rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyà ló kọ́kọ́ fi jẹ ẹ́. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ náà ló ṣe: omi gbígbóná, òrí, ó tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ títí egungun fi ń dún, nítorí lọ́dọ̀ tiwa, ìfọwọ́ra tí kò bá dunni, wọn a ní kò wọra. Lọ́jọ́ kejì, Abíọ́nà kò lè dìde lórí ẹní. Mọ́ládé gun ọ̀kadà lọ bá a ní Ofiki, ó kúnlẹ̀ tì í, ó ń sunkún.

"Ẹ má sunkún mọ́. Ẹ ṣáà rọra fọwọ́ ra mí nígbà tó ń bọ̀."

"Ṣé ẹ ó tún wá?"

"Ta ni yóò wá ṣọ́ ilé fún yín?"

Láti ìgbà náà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló ń ra á, bí ẹni ń nu ojú ọmọ tuntun. Ara kò yá tán o, n kò ní parọ́ fún yín, ṣùgbọ́n oorun bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ó sì ń lọ sóko láàárọ̀. Kò pẹ́ tí "ẹ" fi di "o" láàárín wọn.

Ọ̀dọ̀ Sàlàkọ́, bàbá Mọ́ládé, ni ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó wọn ti fẹ́ bàjẹ́. Àgbẹ̀ oníṣu ni ní Ilua. "Ẹni tó bá fẹ́ ọmọ mi yóò kó ọ̀rẹ́ wá kọ ebè fún mi, òun ni yóò sì ṣáájú wọn. Bó bá jókòó, kó máa lọ sílé."

Abíọ́nà ní òun yóò kọ ọ́ dé ìrọ̀lẹ́.

"Kí o wá fi oṣù mélòó sùn sórí ẹní?" ni Mọ́ládé wí. "Ọkọ ni mo fẹ́, n kò fẹ́ ebè."

"Bí mo bá jókòó ńkọ́?"

Mọ́ládé di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ẹ̀rù ń ba òun náà.

Lọ́jọ́ ọ̀wẹ̀, Abíọ́nà ló ṣáájú. Ó kọ ebè títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó wo Mọ́ládé, ó fi ọkọ́ lélẹ̀, ó lọ jókòó sábẹ́ igi òrí lójú gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀. Mọ́ládé kò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó kúnlẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, ó ń ra èjìká rẹ̀.

Sàlàkọ́ wá bá wọn. "Ṣé o gbọ́ ohun tí mo sọ?"

"Mo gbọ́, Bàbá. Bí mo bá fagídí parí rẹ̀ lónìí, mo máa dùbúlẹ̀ ni. Mi ò sì fẹ́ tàn yín jẹ."

Àgbà náà wo ọwọ́ ọmọ rẹ̀ tí kò kúrò léjìká ọkùnrin náà.

"Ọkọ ẹ̀gbọ́n Mọ́ládé kọ ebè oko yìí tán lọ́jọ́ kan ṣoṣo," ló wí. "Láti ọjọ́ náà, n kò fojú kàn án mọ́." Ó bẹ̀rẹ̀ mú ọkọ́ Abíọ́nà nílẹ̀. "Sinmi dáadáa, ọkọ ọmọ mi. Èmi ni n óò kọ èyí tó kù fún ọ."

Mọ́ládé bú sẹ́kún ayọ̀. Sàlàkọ́ ti wọ àárín àwọn ọ̀dọ́, ó ń kọ ebè.