Òkúta Tí Itọ́ Rẹ̀ Kò Gbẹ

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọjà tí mò ń kiri, torí náà kò sídìí tí màá fi bù mọ́ ọn. Ó ṣẹlẹ̀. Ọ̀sán gangan ló sì ṣẹlẹ̀.

Obìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Atọ́kùútalá. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa lọ òkúta pupa tí irin pọ̀ nínú ẹ̀, kí ọ̀gá ẹ̀ lè fi mọ bí ilẹ̀ ayé pupa kan lójú ọ̀run ṣe rí. Èèyàn ò tíì débẹ̀. Òkúta tiwa ni wọ́n fi ń wò ó, bí ẹni wo ojú ọmọ kó tó mọ bàbá.

Àwọn olókùúta ní àṣà kan: wọ́n á fi ahọ́n kàn án. Tó bá lẹ̀ mọ́ ahọ́n, amọ̀ wà nínú ẹ̀. Ọ̀gá ti kìlọ̀ pé ẹni tí itọ́ ẹ̀ bá kan òkúta òun, kó máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n àṣà ti wọ Atọ́kùútalá lára bí epo ṣe ń wọ aṣọ.

Lọ́jọ́ Ajé, ó wọ̀tún, ó wòsì, ó tọ́ ọ̀kan lá.

Ó rọ̀. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí erìgì. Ó dùn bí ẹ̀jẹ̀ àná. Ni òkúta bá fa ahọ́n ẹ̀ mu, díẹ̀díẹ̀, bí ọmọ tó ń mu ọmú.

Ó já ahọ́n gbà. Ó tutọ́ títí ọ̀fun ẹ̀ fi gbẹ.

Ojú ibi tó lá lára òkúta ò gbẹ ní tiẹ̀. Ó nù ún, ó tì í sínú ààrò gbígbóná di ọjọ́ kejì. Itọ́ ṣì ń fà lórí ẹ̀, ó ń rùn bí ẹnu tí wọn ò fọ̀ lọ́dún kan.

Nílé, oúnjẹ ò lọ. Ọkọ ẹ̀ ní, "Ìyá ọmọ mi, ṣé kò sí?" Ó ní ó rẹ òun ni. Iṣẹ́ yẹn nìkan ló gbé ilé wọn ró.

Lọ́jọ́rú, ọ̀gá gbóòórùn òkúta náà.

"Ta ló lá a?"

"Èmi kọ́ o, ọ̀gá."

Ọ̀gá ò bá a jà. Ó ní inú òkúta lòun máa lò, ibi tí itọ́ ẹnikẹ́ni ò lè dé. Ó gbé ayùn sí i. Ó là á.

Ojú ibi tí ahọ́n ti lá ló kún inú ẹ̀. Ọ̀kan lórí èkejì, tútù, ó fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Itọ́ ń kán sórí tábìlì.

Ọ̀gá gbé ayùn sílẹ̀.

"Ìwọ kọ́ lóòótọ́," ó ní.

Iṣẹ́ ò bọ́ mọ́ nìyẹn. Atọ́kùútalá yanu kó dúpẹ́. Ahọ́n ẹ̀ ló jáde, ó ń nà lọ síbi òkúta náà.

Òun kọ́ ló rán an.